Ohun Tó Dá Ọkọ Mi Padà Láti Sípéènì

Ọkọ mi padà dé láti Sípéènì ní àsìkò ọyẹ́, láì sọ fún ẹnikẹ́ni pé òun ń bọ̀. Ilé ìwé tí mo ti ń kọ́ni ní Ọ̀kà ni mo wà nígbà tí bàbá ọkọ mi pè mí lórí fóònù láti Ìkàrẹ́. Bàbá kì í pè mí tí mo bá wà lẹ́nu iṣẹ́, nítorí náà mo sáré gbé e.

"Ìyàwó," Bàbá ní, "tí o bá ṣíwọ́ iṣẹ́, má ṣe yà síbì kankan. Ọkọ rẹ ti dé."

Mo ní, "Wọ́n dé ibo, Bàbá?"

"Ilé wa níbí. Ó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó ti jẹun."

Mo gun ọ̀kadà. A sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè, a gba Àkùngbá kọjá, ọyẹ́ sì bo àwọn àpáta ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà débi pé n kò rí orí wọn. Títí tí mo fi délé ni mò ń ro ohun tí mo máa kọ́kọ́ sọ. Ọkùnrin tó dìde dúró nígbà tí mo wọlé rù ju ẹni tó kúrò lọ́dọ̀ mi lọ. Irun ẹ̀bá etí rẹ̀ ti funfun, báàgì kan ṣoṣo ló sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga rẹ̀.

"O kú iṣẹ́," ó wí.

Mo kúnlẹ̀, mo kí i káàbọ̀. Ọmọbìnrin wa, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rá nígbà tí bàbá rẹ̀ lọ, ti di ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ó fara pamọ́ sẹ́yìn bàbá àgbà. Mo ní kó wá kí bàbá rẹ̀. Ó jáde, ó kúnlẹ̀ dáadáa bí mo ṣe kọ́ ọ, ó ní, "Ẹ káàbọ̀, sà." Ohùn tó fi ń kí àwọn tíṣà rẹ̀ ló fi kí i. Ọkọ mi dá a lóhùn, ó sì yíjú sí ògiri fún ìgbà díẹ̀.

Ó ti kàwé nípa ilé kíkọ́ ní pólì kó tó lọ. Ó wá iṣẹ́ títí ní ilẹ̀ yìí, kò rí i, ó sì tẹ̀lé àwọn tó ń lọ. Ìlú kan létí òkun ní Sípéènì ló wà, ilé ni wọ́n ń kọ́ níbẹ̀, òun a sì máa lẹ táìsì sí ilẹ̀ àti ògiri wọn. Láàárín ọdún mélòó kan àkọ́kọ́, ohun tó ń fi ránṣẹ́ tó wa jẹ, ó tó fún ilé ìwé ọmọ. Nígbà tó yá ó dín kù, ó wá dá pátápátá. Lórí fóònù, ó máa ń sọ pé iṣẹ́ ti fà sẹ́yìn. Nígbà tó ṣe, fóònù gan-an wọ́n.

Ní àdúgbò wa, ẹni tó bá ti òkè òkun bọ̀, ẹrù rẹ̀ ló máa ń ṣáájú rẹ̀ dé. Ẹni tó bá gbé báàgì kan wọlé, àwọn èèyàn á wá ìtàn so mọ́ ọn. Mo gbọ́ nídìí ẹ̀rọ omi pé wọ́n lé e ni. Mo gbọ́ pé oògùn ló gbé. Ẹlòmíràn ní ayé ló ń ṣe é. N kò dá ẹnikẹ́ni lóhùn, nítorí èmi alára kò mọ nǹkan kan. Tí mo bá bi í, "Iṣẹ́ parí" nìkan ló máa ń sọ. Tó bá lọ sí mọ́ṣáláṣí, ìlà ẹ̀yìn ló ń dúró sí, òun ló sì ń kọ́kọ́ jáde.

Ohun tó mú kí ọ̀rọ̀ náà le fún mi ni pé ìmọ̀ ọrọ̀ ajé ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ. Mo mọ ohun tí wọ́n kọ sínú ìwé nípa bí owó ṣe dà rú mọ́ àwọn ará Yúróòpù lọ́wọ́: àwọn báǹkì tó yá èèyàn lówó ju bó ṣe yẹ lọ, ìjọba tó ń ná ohun tí kò ní, orílẹ̀-èdè púpọ̀ tó ń ná owó kan ṣoṣo. Mo ti kọ ọ́ sí pátákó láìmọye ìgbà. Ẹni tó ṣẹlẹ̀ sí wá wà nínú ilé mi, ó ń jẹ iyán níwájú mi, n kò sì mọ bí mo ṣe máa bi í.

Bàbá ló bi í. Wọ́n ní ilé kéwú kan níwájú ilé wa, àwọn ọmọdé àdúgbò ló ń wá síbẹ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, lẹ́yìn ìrun Aláásárì, àwọn ọmọ kéwú ti lọ, èmi ń ṣa ẹ̀wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, Bàbá sì ní kí ọkọ mi wá jókòó ti àwọn.

"Ọmọ mi, kì í ṣe nítorí ẹnu ayé ni mo fi ń bi ọ́. Mo fẹ́ kó yé mi ni. Ìlú tó ní iná, tó ní omi, tó ní ọ̀nà tó dára, báwo ni iṣẹ́ ṣe ń parí níbẹ̀?"

Ọkọ mi fèsì. "Ilé là ń kọ́, Bàbá. À ń kọ́ ọ láti etí òkun wọ inú oko. Kí a tó parí ọ̀kan, a ti bẹ̀rẹ̀ òmíràn."

"Ta lẹ ń kọ́ ọ fún?"

"Ẹni tó máa rà á."

"Ẹni tó rà á náà ló ń gbé inú rẹ̀?"

"Àwọn kan ń gbé inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wọn ń rà á kí wọ́n lè tà á lọ́wọ̀n fún ẹlòmíràn ni. Ẹni yẹn náà á tún fẹ́ tà á."

"Ẹni ìkẹyìn ńkọ́?"

"Ọjọ́ kan dé tí ẹni ìkẹyìn kò rí ẹni tà á fún mọ́, Bàbá."

Bàbá gbé tẹ̀súbáà wọn sílẹ̀. Wọ́n béèrè ibi tí àwọn tó ń rà á ti ń rówó. Ọkọ mi ní báǹkì ni. Ó ní nígbà tí Sípéènì bẹ̀rẹ̀ sí í ná owó kan náà pẹ̀lú àwọn Jámánì, owó yíyá wá rọrùn, àwọn báǹkì òkè lọ́hùn-ún ń kó owó sọ̀ kalẹ̀ wá sí ibi tí oòrùn wà, ẹnikẹ́ni tó bá sì ti lè tọwọ́ bọ̀wé ń rí i yá.

"Èlé ni," Bàbá wí, bí ẹni tó ti mọ àrùn náà tipẹ́. "Ọlọ́run ti kìlọ̀ fún wa nípa rẹ̀."

"Èlé wà níbẹ̀, Bàbá. Ṣùgbọ́n ó kéré níbẹ̀rẹ̀. Kíkéré rẹ̀ gan-an ló tan èèyàn jẹ."

Bàbá tún gbé tẹ̀súbáà wọn.

Nígbà tí òjò dé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀kadà àbúrò rẹ̀ gbé mi lọ sí ibi iṣẹ́. Ní òwúrọ̀ kan, òjò ńlá ká a mọ́ ilé ìwé wa. Ọ̀nà òkè Ọ̀kà kò ṣeé gùn sọ̀ kalẹ̀ nínú irú òjò bẹ́ẹ̀, ojú wa ti rí mọ́tò tó ya bàrá níbẹ̀. Mo ní kó wọ kíláàsì mi wá. Ó dúró sídìí fèrèsé, ó ń fún omi kúrò lára ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Òjò ń lu páànù débi pé ohùn mi kò jáde, mo wá kọjú sí pátákó, mo ń kọ ohun tó wà fún ọjọ́ náà: ìdí tí ọrọ̀ ajé àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù kan fi dẹnu kọlẹ̀. N kò ṣètò rẹ̀. Ibi tí iṣẹ́ dé nìyẹn.

Nígbà tí òjò dẹwọ́, ọmọbìnrin kan tó jókòó níwájú nawọ́ sókè. "Mà, wọ́n ní sà gbé ibẹ̀ rí. Ṣé wọ́n lè bá wa sọ díẹ̀?"

Mo wo ọkọ mi. Mo ti fẹ́ sọ pé wọ́n ń lọ sílé, àfi bí mo ṣe rí i tó ń bọ̀ níwájú, tí omi ṣì ń kán lẹ́nu ṣòkòtò rẹ̀.

"Ohun tí tíṣà yín kọ síbí, òótọ́ ni," ó wí. "Ṣùgbọ́n tí ẹ bá kà á, ẹ máa rò pé àwọn òmùgọ̀ kan ló jókòó síbì kan tí wọ́n ba nǹkan jẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí oníkálukú ń ṣe, ọgbọ́n ló dà lójú rẹ̀."

Ó sọ fún wọn pé àwọn ọ̀dọ́ ń fi ilé ìwé sílẹ̀ láti wá po sìmẹ́ńtì, nítorí pé ohun tí wọ́n ń gbà lórí sìmẹ́ńtì ju ti ẹni tó kàwé jáde lọ. Ó ní àwọn ìjọba ìbílẹ̀ ń gba owó lórí gbogbo ilé tí wọ́n bá kọ́, wọ́n sì ń fi kọ́ pápá ìṣeré àti gbọ̀ngàn ńlá tí ẹnikẹ́ni kò béèrè fún. Ẹni tó bá yá èèyàn púpọ̀ lówó ní báǹkì, òun ni ọ̀gá ń yìn. Nígbà tí àwọn báǹkì Amẹ́ríkà ṣubú, ẹ̀rù ba gbogbo ayánilówó, gbogbo wọn sì ń béèrè owó wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Ó wá hàn pé ìjọba Gíríìsì, tí àwọn náà ń ná owó kan náà yẹn, ti ń fi bí gbèsè wọn ṣe tó pa mọ́. Látìgbà yẹn, kò sẹ́ni tó gba ẹnì kejì gbọ́ mọ́.

"Nígbà tí Sípéènì ń ná owó tirẹ̀," ó wí, "tí ọjà wọn kò bá tà, wọ́n á jẹ́ kí owó náà rọ̀, kí iye rẹ̀ já wálẹ̀. Ọjà wọn á dọ̀pọ̀ lójú àlejò, àlejò á wá rà á, wọ́n á máa dìde díẹ̀díẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí wọn kò lè ṣe é, nítorí owó náà kì í ṣe tiwọn nìkan. Aṣọ kan náà ni wọ́n rán fún ẹni tó sanra àti ẹni tó rù."

Ọmọkùnrin kan dìde lẹ́yìn. "Sà, ta wá ló jẹ̀bi? Ṣé ẹni tó lọ yáwó ni, àbí báǹkì tó yá a?"

"Ìdí tábìlì kan náà ni àwọn méjèèjì jókòó sí. Mo mọ̀, nítorí mo jókòó síbẹ̀. Èmi náà yáwó. Mo fi ra ilé."

Ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn ni mo dúró sí. N kò gbọ́ ọ̀rọ̀ náà rí láyé mi. Mo ń wò ó, ṣùgbọ́n kò wo ọ̀dọ̀ mi. Ó ń bá àwọn ọmọ náà sọ̀rọ̀ ní ìrọ̀rùn, bí ẹni tó ti ń wá ibi tó máa sọ ọ́ sí. Ó ní nígbà tí iṣẹ́ dá, òun fi ohun tí òun tọ́jú san án, lẹ́yìn náà òun fi ohun tó yẹ kí òun fi ránṣẹ́ sílé san án, ìgbà tí kò sí nǹkan mìíràn ni wọ́n wá pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn. Iye tí ilé náà tó ti já wálẹ̀ nígbà náà. Nítorí náà, báǹkì gba ilé, gbèsè kò sì tán. Bí òfin ibẹ̀ ṣe wí nìyẹn.

Ọmọbìnrin iwájú yẹn ní, "Sà, kí ni wọn ì bá ti ṣe sí i?"

Ìwé mi ní ìdáhùn sí ìyẹn, mo sì ti kọ ọ́ sí pátákó: kí ìjọba dín ìnáwó kù, kí wọ́n fi kún owó orí. Ọkọ mi tọ́ka sí i. "Ohun tí wọ́n ṣe nìyẹn. Wọ́n dín owó oṣù kù, wọ́n lé àwọn kan lẹ́nu iṣẹ́. Ẹni tí owó oṣù rẹ̀ dín kù kò rajà mọ́. Ẹni tó ń tajà ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa. Ẹni tó ti ṣọ́ọ̀bù pa kò san owó orí mọ́. Ìjọba tún wá tòṣì sí i. Màmá àgbà kan wà ní òdìkejì ilé mi, owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ ni ọmọ rẹ̀ àti àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ jọ ń jẹ."

N kò lè dákẹ́. "Ṣé kí ẹni tó jẹ gbèsè má san án ni?"

"Kó san án," ó wí, ó sì wá wò mí nígbà yẹn. "Ṣùgbọ́n tí o bá gba ọkọ́ àti àdá lọ́wọ́ àgbẹ̀, kí ni yóò fi san?"

Ó ní tòun ni pé kí ẹni tó yáni lówó láìwo iwájú gbé lára àdánù náà. Tí báǹkì bá ti gba ilé, kí gbèsè parí. Kí àwọn orílẹ̀-èdè tó lówó láàárín wọn rajà lọ́wọ́ àwọn tí kò ní, dípò kí wọ́n máa tà fún wọn nìkan. Kí ìjọba máa sọ iye tí wọ́n jẹ bó ṣe rí. Kí ẹnì kan sì máa ṣọ́ báǹkì kí ọ̀rọ̀ tó bàjẹ́.

"Ṣé wọ́n ṣe é, sà?"

"Wọ́n ṣe díẹ̀. Ó pẹ́ kí wọ́n tó ṣe é. N kò mọ̀ bóyá tèmi ì bá ti dára jù. Ibi tí mo dúró sí ni mo ti rí i."

Nígbà tí a ń lọ sílé lọ́sàn-án, a dé ibi tí ọ̀nà ti yí lórí òkè. Mo ní kó dúró. Ó dúró, ó pa ọ̀kadà. Omi òjò ṣì ń ṣàn lórí àpáta.

"Dádì, ilé wo?"

"Ilé tí mo fẹ́ kó yín wá sí."

"Nígbà wo lẹ fẹ́ sọ fún mi?"

"Ìgbà tí mo bá fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lé ọ lọ́wọ́ ni. Lẹ́yìn ìyẹn, kò sí nǹkan tí mo lè sọ mọ́."

Fún ọjọ́ bíi mélòó kan, n kò bá a sọ̀rọ̀ ju kí n gbé oúnjẹ fún un, kí n kí i. Kì í ṣe ilé tó lọ yẹn ló dùn mí jù. Ohun tó dùn mí ni pé ní gbogbo ìgbà tí mò ń rò pé ó ti gbàgbé wa, tí mò ń bínú sí i nínú àdúrà mi, nítorí wa ló ṣe ń jà, kò sì jẹ́ kí n dúró tì í. Bàbá kíyè sí wa. Wọ́n pè mí, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn, wọn kò dá ọkọ mi láre, wọn kò sì dá a lẹ́bi.

"Ìtìjú ló dì í lẹ́nu," wọ́n ní. "Kì í ṣe pé kò fẹ́ sọ fún ọ. Iwájú rẹ ni ìtìjú náà ti wúwo jù. Ní sùúrù fún un, kí òun náà sì ní sùúrù fún ọ."

Ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀lé e, mo bá a nínú àgbàlá, mo ní kó fi bí ilé náà ṣe rí hàn mí. Ó rò pé mò ń fi òun ṣe ẹ̀sín ni. Nígbà tó rí i pé kì í ṣe ẹ̀sín, ó mú igi kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fa ìlà sórí ilẹ̀. Ó ní ibí ni ilẹ̀kùn. Ibí ni ilé ìdáná, ó kéré, ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ ń wọ ibẹ̀. Ibí ni fèrèsé tí a ti ń rí òkun díẹ̀ láàárín ilé méjì. Òun fúnra rẹ̀ ló lẹ táìsì gbogbo ilẹ̀ náà lẹ́yìn iṣẹ́. Mo gba ibi tó pè ní ilẹ̀kùn wọlé. Ọmọ wa ti ń wò wá láti ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó sì tẹ̀lé mi, ó ń ṣọ́ra kó má tẹ ìlà.

"Dádì," ó wí, "níbo ni tèmi?"

"Ibi tí o dúró sí yẹn ni," bàbá rẹ̀ dá a lóhùn.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí ọmọ náà pè é bẹ́ẹ̀ nìyẹn. Ọkọ mi jókòó sílẹ̀, ó sunkún, èmi náà jókòó tì í. A kò gbé ohùn sókè, nítorí Bàbá ń sinmi nínú ilé. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo gbá àgbàlá bí mo ṣe máa ń gbá a.

Lẹ́yìn náà ló tó jáde wá iṣẹ́. Àwọn èèyàn ń kọ́ ilé fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ní Àkùngbá lákòókò náà, àwọn kọngílá sì rí i pé ilẹ̀ tó bá lẹ táìsì sí kì í ró gbọngbọn lábẹ́ ẹsẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan tó ń ta sìmẹ́ńtì fẹ́ yáwó láti kọ́ irú ilé bẹ́ẹ̀ mẹ́ta pọ̀. Ọkọ mi bẹ̀ ẹ́ pé kó fi ohun tó ní kọ́ ọ̀kan. Ẹ̀gbọ́n ní ẹni tí Sípéènì lé wálé ń kọ́ òun ní owó ṣíṣe, ó sì yá owó náà, ó kọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Nígbà tó yá, àwọn olùkọ́ yunifásítì daṣẹ́ sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ sílé, ilé sì ṣófo. Ẹ̀gbọ́n ta mọ́tò rẹ̀. Ọkọ mi kò sọ pé òun ti wí. Ó bá a wá àwọn tíṣà àti oníṣòwò tó lè gbé inú ilé náà, ó sì bá báǹkì sọ̀rọ̀ pẹ̀lú rẹ̀ títí wọ́n fi gbà kó máa san án díẹ̀díẹ̀ fún ìgbà tó gùn sí i. Síbẹ̀, báǹkì gba ọ̀kan nínú àwọn ilé náà.

Bàbá ti jáde láyé. Ọmọ wa ti wà ní yunifásítì. Ọjà tí mò ń fi owó oṣù mi rà tẹ́lẹ̀, ìdajì rẹ̀ ni mò ń gbé bọ̀ báyìí, àwọn ọmọ kíláàsì mi kì í sì í sùn mọ́ tí mo bá ń kọ́ wọn nípa owó tó rọ̀ àti gbèsè ìjọba. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nílé wọn ni.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, ọ̀rẹ́ ọkọ mi kan, ará Sẹ̀nẹ̀gà tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ní Sípéènì, pè é. Èdè Sípéènì ni wọ́n fi ń sọ̀rọ̀, n kò gbọ́ ju orúkọ ìlú náà lọ. Nígbà tí wọ́n parí, ó ní iṣẹ́ ti padà dé, wọ́n tún ti ń wá ẹni tó mọ táìsì lẹ̀.

N kò ní parọ́, mo rò ó. Mo ro owó ilé ìwé, mo ro òrùlé tó ń jò. Mo ní, "Dádì, tí ẹ bá fẹ́ lọ, n kò ní dá yín dúró."

"N kò lọ."

"Ṣé ara wọn ti yá níbẹ̀ ni?"

"Wọ́n ti ń rìn," ó wí. "Ṣùgbọ́n àwọn tó jẹ́ ọ̀dọ́ nígbà yẹn, tí wọ́n jókòó sílé láìníṣẹ́, ọjọ́ orí wọn kò padà. Àwọn kan ti lọ sí Jámánì bí èmi náà ṣe lọ sí ọ̀dọ̀ wọn. Èmi ti pàdánù ìgbà èwe ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí. Ìyẹn tó."

Kaṣú ti ń já lulẹ̀ lóko wa lọ́nà Ọ̀bà, a ní láti lọ ṣà á kí ẹlòmíràn tó ṣà á. Mo bi í bóyá ó máa bá mi lọ lọ́la, ó ní òun máa bá mi lọ. Wọ́n pe ìrun, ó dìde, ó lọ ṣe àlùwàlá.